Kẹ́ ẹ tó sá fún sóyà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ló sì kàn jù. Láàárọ̀ àná ní Mẹ́gídà, níbí ní Ayọ̀bọ̀, mo gbọ́ tí kọ̀ńdọ́ kan ń kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kó má mu wàrà sóyà mọ́, pé ó máa sọ ọ́ di obìnrin. Ẹ wo ọwọ́ kọ̀ńdọ́ náà o: ife àgbo mánpáwà ló wà níbẹ̀.

2/ Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dénú. Torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe fi ọdún márùn-ún ṣòfò. Àwọn àti ìyàwó wọn ti fún mi láyè kí n sọ ọ́.

Wọ́n ṣègbéyàwó, ọmọ ò tètè dé. Ìyàwó wa lọ ya scan, ó ṣe test lóríṣiríṣi, ó gun orí òkè àdúrà, àwọn kan sì pè é ní àgàn lójú ara ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Wọ́n gbọ́ voice note kan lórí WhatsApp, wọ́n jáwọ́ nínú sóyà. Wọ́n wá ń mu àgbo láràárọ̀. Wọn ò dé ibi àyẹ̀wò kankan.

3/ Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ: a ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa, a wá ń fọkàn tán ohun tẹ́nikẹ́ni ò yẹ̀ wò fún wa rí. Obìnrin ló sì ń jìyà ẹ̀.

4/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ́sítírójìn. Lóòótọ́, họ́mọ́ònù obìnrin la ń pè é, àmọ́ ọkùnrin náà ní díẹ̀ lára. Ẹ wo tánkì omi tó ní float. Tí omi bá kún, float á gbéra, páǹpù á kú. Ọpọlọ yín náà ń wo họ́mọ́ònù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó pàṣẹ fún kóró ẹpọ̀n. Tí ohun tó jọ ẹ́sítírójìn bá pọ̀ jù, ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan fọwọ́ gbé float sókè: ọpọlọ á rò pé tánkì ti kún, iṣẹ́ á dín kù.

5/ Sóyà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú, irọ́ kọ́. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Harvard rí i pé àwọn ọkùnrin tó ń jẹ sóyà jù ní sperm tó kéré sí ti àwọn yòókù. Ibi tí ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ní 2021, wọ́n kó ìwádìí 41 jọ: sóyà ò dín testosterone ọkùnrin kù, kò sì fi kún ẹ́sítírójìn wọn. Agbára ti ewéko ò tó ti ara wa rárá. Ife wàrà sóyà kan ò lè gbé float yín.

6/ Ṣé ewéko ò wá lè ṣe nǹkan fún ọkùnrin ni? Ó lè ṣe é gan-an! Ní Ṣáínà, wọ́n rí i pé ọmọ ṣọ̀wọ́n láwọn abúlé tí wọ́n ti ń fi òróró kóró òwú tí wọn ò sè dáadáa se oúnjẹ. Ohun kan tó ń jẹ́ gossypol ló wà nínú ẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó lé ní 8,000 mu bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó ṣiṣẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n dá a dúró, sperm àwọn kan ò padà mọ́. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Òwú o. Òwú tó wà lẹ́yìnkùlé.

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pòkìkí pé ká lọ kóró ìbẹ́pẹ mu láràárọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ní Íńdíà, wọ́n fún àwọn ọ̀bọ ní èròjà inú kóró ìbẹ́pẹ. Sperm wọn tán pátá. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó padà wá. Ọ̀bọ kọ́ ni yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá ọmọ, ìdí wo lẹ fẹ́ fi dán an wò?

8/ Kó tiẹ̀ tún jẹ́ ewé nìkan. Ní 1994, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Benin City. Wọ́n rí aflatoxin, májèlé tó ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, nínú àtọ̀ àwọn ọkùnrin tí kò rí ọmọ bí ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí kan ṣoṣo ò parí ẹjọ́, àmọ́ ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ má gbọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ wá jẹ ẹ́.

9/ Ó wá ku ike. Láti 1936 ni Charles Dodds, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti fi hàn pé BPA ń ṣe bí ẹ́sítírójìn. Ní 2011, ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè é nínú fídà ọmọ. Ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ oríṣiríṣi ike wò, títí kan èyí tí wọ́n kọ BPA-free sí lára. Púpọ̀ nínú wọn ń tú ohun tó jọ ẹ́sítírójìn jáde, pàápàá tí iná tàbí oòrùn bá ti kàn án. Ẹ wá ronú sí àmàlà gbígbóná nínú náílọ̀n, àti omi tó ti ń yá oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Mi ò ní ẹ̀ẹ̀kan péré máa sọ yín dàgàn. Ojoojúmọ́ lọ̀rọ̀ wà.

10/ Ẹnì kan á ní mo ń tàbùkù ìṣègùn ìbílẹ̀. Rárá o. Àgbo ni ìyá ìyá mi tà tó fi tọ́ ìyá mi. Mo gbà pé ewé lágbára, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kò lè ṣèpalára. Ohun tó lágbára láti tún ara ṣe, ó lágbára láti bà á jẹ́. Ẹ ò lè gba ọ̀kan kẹ́ ẹ kọ èkejì.

11/ Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ lọ́dún tó kọjá. Sperm wọn kéré gan-an. Dókítà rí i pé iṣan tó wà nínú àpò ẹpọ̀n wọn ti wú. Ohun tó wọ́pọ̀ ni, wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní kí wọ́n dá àgbo dúró pẹ̀lú, torí nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ ni sperm fi ń dàgbà: ohun tẹ́ ẹ mu lónìí, ìgbà yẹn ló máa hàn.

Àbí ẹ rí i? Sóyà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ìyàwó wa náà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọdún márùn-ún!

12/ Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọmọ ò tíì dé, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi pe gbogbo ẹbí jọ, wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ìṣòro wà. Ìyàwó wa sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

13/ Ẹ̀yin ọkùnrin, tẹ́ ẹ bá ti ń wá ọmọ fún ọdún kan tí kò dé, ẹ̀yin àti ìyàwó yín lẹ jọ máa lọ ṣe àyẹ̀wò, lọ́jọ́ kan náà. Nǹkan bí ìdajì irú ọ̀rọ̀ yìí ni ọwọ́ ọkùnrin máa ń wà nínú ẹ̀. Ike kékeré kan ni wọ́n máa gbé fún yín. Kò dunni rárá.

Ẹ RT kó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ńdọ́ Mẹ́gídà yẹn, ẹ jọ̀ọ́.