Ọ̀rinrin Inú Ilé: Ọ̀nà Wo Ni Omi Gbà Wọlé?

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa ní Àjàṣẹ́, òórùn kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Bí a bá ṣí àpótí aṣọ, òun ni yóò kọ́kọ́ kí wa. Bàtà aláwọ tí a gbé sábẹ́ ibùsùn ti bu, àwọn fọ́tò àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ara ògiri ẹ̀yìn ibùsùn sì ti yọ àmì dúdú bí ẹni pé wọ́n fi èédú tọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé kí a ra ọ̀dà, kí a fi bo àmì náà kí àlejò ọdún tó dé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àmì náà á tún yọjú, á sì tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú abala wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó jogún ilé, lórí omi tí ń bẹ nínú ògiri. Ọ̀dà kì í wo ògiri sàn. Sìmẹ́ńtì tí a gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ sì ti sọ ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ di àwókù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọ ilé. Ó lè ti ara òrùlé wá. Ó lè ti inú ilẹ̀ wá, kí ó máa gun ògiri lọ sókè. Ó sì lè jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ó wà, tí a kò fi ojú rí i. Oògùn ọ̀kan kì í ran èkejì. Kí a tó ná owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí ń bá wa jà. Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná wa ní nǹkan kan: kí a gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, tí ìbú àti gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ògiri ti tutù, kí a fi téèpù dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátápátá, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sun sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, níbi tí ó ti kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú rẹ̀ tí ó kọ sí yàrá ni ó tutù, afẹ́fẹ́ ni kí a mú.

Ti òrùlé kò gba àlàyé púpọ̀. Ihò ìṣó, páànù tí ó ti dípẹtà, òkè ilé oníkọnkéré tí omi ń dá dúró lé: ẹni tí ó bá gbójú sókè wo àjà ní ọjọ́ òjò yóò rí i. Àmì tirẹ̀ máa ń ti òkè bẹ̀rẹ̀, a sì máa gbòòrò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe oníṣẹ́ páànù kí ẹ tó pe ọlọ́dà.

Èyí tí ó ti ilẹ̀ wá ni ó yẹ kí a dúró tì. Ẹ wo òwú àtùpà: ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó wà nínú epo, síbẹ̀ epo náà ń gùn ún títí dé ibi iná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ògiri ṣe ń fa omi láti inú ilẹ̀, èyí tí àwa olùkọ́ ń pè ní «capillarité» fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Àwọn baba wa kò fún un ní orúkọ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí wọ́n mọ ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ nípọn, etí òrùlé rẹ̀ yọ jáde kí òjò má baà nà án, amọ̀ tí a pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù ni a sì fi ń rẹ́ ara rẹ̀. Omi tí ó bá gun irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò tún gba ara rẹ̀ jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà ní Kétu, amọ̀ ni. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti Bràsíìlì padà dé, amọ̀ ni ògiri wọn lábẹ́ ọ̀ṣọ́ tí à ń wò.

Nígbà tí ó yá, sìmẹ́ńtì dé. Ọmọ tí ó wà ní òkèèrè fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún ilé bàbá ṣe, birikilà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ láti ilẹ̀ dé òrùlé, ilé ń dán, gbogbo ẹbí ń súre. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ògiri amọ̀ mí. Omi ń wọlé láti ìsàlẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, ó wá ń gòkè sí i. Iyọ̀ inú ilẹ̀ tí ó bá omi náà rìn yóò yọ funfun, sìmẹ́ńtì yóò wú bí àkàrà nínú epo, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì padà di ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. A kò fi itọ́ mọ ilé tiwa, amọ̀ gidi ni, àwa fúnra wa ni a sé omi mọ́ ọn nínú. Ní òru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ di ilẹ̀ mọ́, ògiri náà á wó, nígbà mìíràn lé àwọn tí ń sùn lórí. Lẹ́yìn náà ni a ó máa wí pé amọ̀ kò dára.

Ẹ fi ìka kan ògiri ilé yín. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti kúrò lára amọ̀. Bí ọ̀rinrin náà bá ní ààlà tí ó tẹ́jú, tí ó ga tó orúnkún tàbí ìbàdí, ilẹ̀ ni ó ti wá. Kí a má ṣe tún un rẹ́. Omi òjò ni kí a kọ́kọ́ lé jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, ilẹ̀ àgbàlá ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ nítorí yanrìn àti àwókù tí a ń dà síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kí a gbẹ́ ẹ kúrò, kí a sì la ọ̀nà fún omi. Lẹ́yìn èyí ni a ó ha sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, tí a ó jẹ́ kí ọyẹ́ gbẹ ògiri náà, kí a tó fi amọ̀, tàbí «chaux» tí a pò mọ́ yanrìn, rẹ́ ẹ. Bí ògiri bá ti tẹ̀ tàbí tí ó ti là, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò fúnra rẹ̀: kí àwọn tí ń sùn níbẹ̀ kó jáde, kí a sì wá birikilà tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀. Irú birikilà bẹ́ẹ̀ ń darúgbó lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ kò sì sún mọ́ wọn. Èyí ń dùn wá.

Kí onílé búlọ́ọ̀kù má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Búlọ́ọ̀kù náà ń fa omi, pàápàá bí ó bá jẹ́ yanrìn etí òkun tí a kò fọ̀ ni a fi ṣe é, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, a sì máa jẹ irin inú kọnkéré. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, kí ó tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn tàbí kí ó kun «bitume» sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Owó rẹ̀ kéré lọ́jọ́ ìkọ́lé. Bí ilé bá ti dúró tán, kò sí ẹni tí yóò lè fi í síbẹ̀ mọ́ láìná owó gọbọi.

Ó ku ti afẹ́fẹ́. Ìwé Faransé máa ń gbà wá níyànjú pé kí a ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10 ní òròòwúrọ̀. Òótọ́ ni, ní ilẹ̀ Faransé. Mítà kúbù kan afẹ́fẹ́ tí ó gbóná dé 30°C lè gbé omi tó bíi gíráàmù 30. Ní 20°C, bíi 17. Ní 0°C, kò tó 5. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń gbẹ ilé wọn nígbà òtútù: kò gbé omi púpọ̀ wá. Ní etí ọ̀sà tiwa, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ ìta ti mu omi yó, èrè fèrèsé ṣíṣí kò sì pọ̀. Láti aago méjìlá sí mẹ́rin ọ̀sán, bí oòrùn bá yọ, ni afẹ́fẹ́ ní àyè láti gba omi ògiri àti ti aṣọ. Kí a ṣí fèrèsé méjì tí ó kọjú síra nígbà náà, kí a sì tún tì wọ́n bí òjò bá ṣú.

Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ má ṣe sá aṣọ tútù sínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kí a má ṣe ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nítorí ògiri tí ó ti tutù yóò làágùn bí ìgò omi tútù. Ní ti èròjà tí wọ́n ń tà nínú ike pé ó ń fa ọ̀rinrin, ó wúlò nínú àpótí tí a dé. Nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìnáwó lásán ni.

A kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èbu, ìyẹn funfun tàbí dúdú tí ń hù lára ògiri. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ọ̀rinrin àti èbu inú ilé, ó sì so wọ́n mọ́ ikọ́ àti ikọ́ fée, èyí tí Faransé ń pè ní «asthme». Ẹni tí ó bá fẹ́ nù ún kúrò, kí ó fi aṣọ bo imú, kí ó lo ọṣẹ àti omi, kí ó má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, nítorí yóò fọ́n ká. Kí a má ṣe po «Javel» pọ̀ mọ́ fínígà tàbí omi ẹ̀rọ ìfọlé mìíràn. Atẹ́gùn tí ń ti inú rẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwọn ìwé ilẹ̀ ńkọ́, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò àwọn tí ó ti lọ, àti aṣọ òkè ìyá wa? Bí a bá dì wọ́n sínú ọ̀rá ní ìgbà òjò, a ti di omi mọ́ wọn nínú. Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, kí a kó wọn síta sí abẹ́ ìbòòji, kí a ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbẹ dáadáa kí a tó kó wọn sínú àpótí onírin. Kí àpótí náà wà lórí igi, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì kan ògiri.