Ìwé Ìjòyè Kò Lè Mú Yàrá Fẹ̀

Ẹ̀yin Ìjòyè àti gbogbo ọ̀mọ̀wé ìlú Ìlọrin, nígbà tí Yunifásítì ìlú wa gba akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1976, 200 péré ni wọ́n. Lónìí, àwọn tí ń ṣe ìdánwò àṣewọlé JAMB lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Ẹni tí ó tilẹ̀ wọlé lè bá kíláàsì tí ó ti kún, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ń dúró de àyè.

Kí ni àwa àgbà ń ṣe sí i? Ìwé ni a ń kọ sí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì pé, "Ọmọ mi ni eléyìí." Ìwé náà kò fi àga kan ṣoṣo kún yàrá, ọmọ aláìní tí ó ti dúró ṣáájú ni ó ń tì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti aláìsàn ọdún 38 létí adágún Betẹsda: kò ní ẹni tí yóò gbé e sínú omi, ẹlòmíràn a sì máa wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ wa láti tètè forúkọ sílẹ̀, láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá olùkọ́, àti láti mú ẹ̀kọ́ mìíràn tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Agbára tí a fi ń bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi kọ́ yàrá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé orí ọmọ ọlọ́lá nìkan ni?