Gíábọ́ọ̀sì kì í kú lójijì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun Sienna

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọjọ́ Sátidé ni, wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí, wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó n'Ífẹ̀. Bàbá ló ń wa mọ́tò, ìyàwó jókòó síwájú, ìyá àgbà àtàwọn ọmọ wà láàárín, àwọn àǹtí mẹ́ta há mọ́ra wọn lẹ́yìn, kúlà oúnjẹ àti àpò aṣọ sì kún búùtù dé òrùlé. Wọ́n ti kúrò n'Íbàdàn, wọ́n ti kọjá Aṣéjìrè, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé báwọn bá dé Ìkirè, àwọn á ra dòdò Ìkirè fáwọn ọmọ. Àfi gbàù! Bàbá tẹná, ẹ́ńjìnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, mọ́tò ò sún kúrò lójú kan. Ó fi gíà sí D, kò lọ. Ó fi sí R, kò lọ. Nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, epo pupa ti ń ṣàn lórí títì bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà ni pé, "Ẹ ò rí i bí? Ṣé mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òní lẹ́ ẹ ń lọ? Ayé ló nawọ́ sí i." Awakọ̀ tó dúró láti bá wọn wò ó á mi orí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti ń ṣe yín bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Bàbá á ní, "Rárá o, àní àárọ̀ yìí ló gbé wa kúrò nílé, kò ṣe nǹkan kan. Lójijì ni!"

Lójijì kẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ "lójijì" yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, torí mo ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú mi. Gíábọ́ọ̀sì kì í kú lójijì. Ó ti ń pariwo tipẹ́, àwa la ò dá a lóhùn.

Àdúgbò tí mọ́tò yẹn dákú sí gan-an ní ìtàn tó yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bẹ́ ẹ bá dé Ìkirè, tẹ́ ẹ yà sí Apòmù, ẹ ò jìnnà sí Orílẹ̀-Òwu mọ́. Ìlú ńlá olódi ni Òwu tó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, àwọn jagunjagun ẹ̀ kì í sá fógun. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n pa á run, táwọn ọmọ ẹ̀ tú káàkiri, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi Abẹ́òkúta ṣelé. Bẹ́ ẹ bá béèrè ohun tó fà á, ohun tí ọ̀pọ̀ máa sọ fún yín ni pé ọ̀rọ̀ ataare ni. Wọ́n ní àríyànjiyàn lórí ataare tówó ẹ̀ ò tó nǹkan ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jà Apòmù, tó di ariwo, tó di ìjà, tó wá di ogun.

Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á ní lójijì ni Òwu tú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ. Kí ọ̀rọ̀ ataare tó wáyé, wọ́n ti ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé tà lọ́jà Apòmù yẹn, Òwu ti tìtorí ẹ̀ kógun ja àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà lágbègbè náà, inú Ifẹ̀ sì ti ń ru. Iná ti ń jó lábẹ́lẹ̀, ataare kàn wá bá a níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòtò tí mọ́tò kó sí lẹ́yìn Aṣéjìrè. Ataare ni kòtò yẹn, òun kọ́ ló pa gíà.

Kí ló wá pa á? Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Nínú mọ́tò ọtọmátíìkì, epo gíà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fi ń pa irin lára kó má bàa gbẹ. Epo náà gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnì á yí epo, epo á yí gíà. Epo yìí kan náà ló ń tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ inú gíà mọ́ra wọn kí wọ́n lè di ara wọn mú, kí mọ́tò tó lọ. Bí epo bá ti jóná, tàbí tó dín, tàbí tó jẹ́ irú tí kò bá gíà yẹn mu, àwọn irin náà á máa yọ̀ lára wọn. Bí wọ́n ṣe ń yọ̀ ni wọ́n ń gbóná, bí wọ́n ṣe ń gbóná ni wọ́n túbọ̀ ń ba epo jẹ́. Ó lè tó oṣù mélòó kan, ó lè tó ọdún kan, kó tó dọjọ́ tó máa kọ̀ jálẹ̀.

Ìkejì ni ohun táwọn mẹkáníìkì ń pè ní díífà. Bẹ́ ẹ bá ti rí àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan, ẹ máa ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá dé kọ́nà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta á máa sáré, ẹni tó wà nínú á máa rọra gbẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni táyà mọ́tò. Díífà ló ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti tòsì máa sá eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà. Nínú Sienna tó pọ̀ jù lójú títì wa, àti Odyssey, àti irú wọn, iwájú ni ẹ́ńjìnì àti gíà wà, inú ilé kan náà sì ni gíà àti díífà ń gbé. Ohun tó bá pa ọ̀kan, á kan ìkejì.

Ohun tó ń pa díífà jù ni pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Lásìkò òjò, tí mọ́tò bá rì lọ́nà oko, táyà kan á máa yí fìrìrì, ìkejì á dúró gbagidi. Bẹ́ ẹ bá ń tẹná mọ́ ọn lọ bẹ́ẹ̀, àwọn gíà kéékèèké inú díífà á máa yí lórí ọ̀pá kékeré kan ní eré tí wọn ò ṣe é fún, epo ò ní ráyè débẹ̀ dáadáa, irin á gbóná, á jẹra wọn. Ọjọ́ tí ọ̀pá yẹn bá já, ó lè lu ilé gíà jáde, gbogbo epo á sì dà sílẹ̀. Àwọn kan tún wà tí díífà wọn ní ilé epo tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí ọ̀pá ìwọn gíà kò lè sọ fún yín pé ó ti gbẹ. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ èyí á pààrọ̀ epo gíà, á gbowó, á fi díífà sílẹ̀ lóǹgbẹ.

Ẹ má rò pé àwa nìkan nirú ẹ̀ ń ṣe. Lọ́dún 1989, Chrysler, àwọn tó ń ṣe Dodge Caravan àti Plymouth Voyager, gbé gíà tuntun kan jáde l'Amẹ́ríkà tó fojú ọ̀pọ̀ ìdílé rí màbo. Epo ọ̀tọ̀ ni gíà yẹn ń fẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bu Dexron tó wà káàkiri sí i. Honda náà rí tiẹ̀. Wọ́n fi kún àkókò tí wọ́n fi ń dúró fún gíà Odyssey ọdún 1999 sí 2001, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2004, wọ́n pe mọ́tò tó tó 1,100,000 padà, Odyssey ọdún 2002 sí 2004 sì wà nínú wọn. Gíà kejì wọn ló ń gbóná jù, eyín ẹ̀ lè kán, gíà sì lè há gbagidi lórí eré. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: lórí eré! Ẹ wá rò ó wò, kí táyà iwájú há lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kí tírélà wà lẹ́yìn yín. Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ là ń sọ yìí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwọn òyìnbó yẹn, mọ́tò tuntun ni wọ́n ń gùn, títì wọn dán. Tiwa ńkọ́? Ọdún 1997 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Sienna l'Amẹ́ríkà, mọ́tò ìdílé tó ń kó èèyàn méje ni. Èyí tó pọ̀ lára àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa ti lé lógún ọdún, òyìnbó ti gùn ún títí kó tó di tòkúnbọ̀, káwa náà tó wá sọ ọ́ di dánfó. Látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kí owó epo lè jáde, àwọn kan ń kó èèyàn mẹ́sàn-án, wọ́n tún ń di ẹrù lé e. Gbogbo ẹrù yẹn, gíà ló ń rù ú.

Àmì tó ń fi hàn kò fara sin rárá. Bẹ́ ẹ bá fi gíà sí D, tó ń rò ó kó tó lọ, ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bó bá ń ta yín síwájú gbì nígbà tó bá ń pààrọ̀ gíà, ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ké ju bí mọ́tò ṣe ń sáré lọ, bó bá ń kùn hùùù tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà, bí epo pupa bá ń kán sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ páàkì sí, kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ yọ ọ̀pá ìwọn, ẹ fi ìwé funfun nù ún. Epo tó dáa á pupa, á mọ́. Èyí tó ti dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ti bàjẹ́. Èyí tó bá wá dà bí ògì pupa, omi rẹ́díétọ̀ ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn, torí inú rẹ́díétọ̀ ni epo gíà ọ̀pọ̀ mọ́tò ti ń lọ tutù. Ẹ má wà á síbì kankan mọ́. Igi gógóró má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ wo ìwé mọ́tò yín tàbí ara ọ̀pá ìwọn, ẹ̀ẹ́ rí irú epo tó ń fẹ́. Sienna kan ń fẹ́ Dexron, òmíràn T-IV, òmíràn WS. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ọ́n, Toyota tó ní ọ̀pá ìwọn ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, Honda ń fẹ́ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Ẹ má máa bu omi ẹ̀rọ lásán sí rẹ́díétọ̀, ó ń dípẹtà sínú ẹ̀. Bí mọ́tò bá rì, ẹ sọ àwọn èèyàn kalẹ̀, kí wọ́n tì í.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mọ́tò ọtọmátíìkì bá kú lójú títì, ẹ má fi okùn fà á láti Ìkirè dé Ìbàdàn pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò ṣiṣẹ́ ò lè fa epo lọ sínú gíà, gbogbo irin á máa yí ní gbígbẹ. Gíà tó ṣeé tún ṣe l'Ọ́ṣun á ti di àkúfọ́ kó tó wọ Ọ̀yọ́. Ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé iwájú ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Bó bá sì di dandan pé kẹ́ ẹ ra gíà àlòkù, yálà ní Ládípọ̀ l'Ékòó ni o, tàbí Àràròmí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ rí i pé mẹkáníìkì fọ páìpù àti rẹ́díétọ̀ kó tó so ó. Ẹ̀rún irin tí gíà àkọ́kọ́ tu sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń pa gíà kejì. Oògùn tá ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, ṣùgbọ́n owó gálọ́ọ̀nù epo gíà kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíábọ́ọ̀sì. Awakọ̀ tó ń san owó mọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Gíà lè kú o, ẹni tó ni mọ́tò á ṣì máa retí owó ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìyá àgbà tó ní ayé ló nawọ́ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti máa dárúkọ ẹnì kan, àbúrò bàbá tí wọn ò pè síbi ìgbéyàwó, tàbí orogún àná. Ìdílé á dà rú lórí epo tí wọn ò pààrọ̀. Òwu ti tú rí lágbègbè ibẹ̀ yẹn, kí tiyín má tú síbẹ̀. Lọ́la, kẹ́ ẹ tó ṣíná, ẹ yọ ọ̀pá ìwọn yẹn wò. Kẹ́ ẹ tó fẹ̀sùn kan arúgbó kankan, ẹ kọ́kọ́ bi epo gíà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.