Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Bí iṣẹ́ bá ti parí ní àwọn iléeṣẹ́ tó yí Sango-Ọ̀tà ká, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló máa ń yà ní kẹ́mísítì lójú ọ̀nà Ilo-Awela. "Ẹ bá mi po ti ara ríro." Hóró funfun méjì, pupa kan, gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀rá kékeré tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Ẹni tó tà á kò béèrè bóyá oníbàárà ní ọgbẹ́ inú. Oníbàárà kò béèrè orúkọ ohun tó fẹ́ gbé mì. Bẹ́ẹ̀, àwọn oògùn ara ríro kan wà tó jẹ́ pé béèyàn bá lo oríṣi méjì nínú wọn pọ̀, ó lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ọsibítù ńkọ́? Wọ́n á na fọ́ọ̀mù olóyìnbó sí ọkọ tí wọ́n ń ti ìyàwó rẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ: "Ẹ fọwọ́ sí ibí." Ta ló bi ìyàwó fúnra rẹ̀, tó lajú kedere, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀?

Òfin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ́ ní abala 23 pé kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún un, ìtọ́jú tó wà, ewu àti àǹfààní rẹ̀, iye tí yóò ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Bó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé e ni kí wọ́n sì fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkọ̀ yìí ti dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ rí. Obìnrin kan ní ìgbàgbọ́ òun ò gba kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Dókítà gbà fún un, obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí sì fìyà jẹ dókítà. Ní 2001, ilé-ẹjọ́ náà dá dókítà láre: àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Àwa ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ abiyamọ là. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin fún láṣẹ tó báyìí, báwo la ṣe fẹ́ kó yàn láìṣàlàyé fún un?

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ ní Yorùbá àti Ègùn. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn wá: àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Èsì rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní rí i. Abala 26 Òfin Ìlera yẹn kan náà ní ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn jẹ́ àṣírí, àyàfi láwọn ìgbà díẹ̀, bíi tó bá fọwọ́ sí i tàbí tí òfin bá pàṣẹ. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì yìí fún àwọn èèyàn wọn láti oṣù yìí lọ.