Ọsán Já, Ọrun Dọ̀pá

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdánwò kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. Mo wà ní Ṣàpọ́n, láàárín gbùngbùn Abẹ́òkúta, mo ń dúró de ọkọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí ìwé, mo sì fi han àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tí a jọ dúró. Ọ̀rọ̀ náà ni *ọrun*. Mẹ́rin nínú wọn ní mo fẹ́ kọ ọ̀run, ibi tí Olódùmarè wà. Àwọn méjì yòókù ní ọrùn ni, èyí tí orí jókòó lé, wọ́n sì ní mo gbàgbé láti fi àmì sí i.

N kò gbàgbé nǹkan kan. Ohùn àárín ni sílébù méjèèjì, ohùn àárín kì í sì í gba àmì. Ọ̀rọ̀ náà pé bẹ́ẹ̀. Ọrun ni ohun tí àwọn baba wa fi ń ta ọfà. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá mẹ́fà, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀.

Ohun tó mú mi ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ti Abẹ́òkúta wá. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó pè mí. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi ìṣọdẹ àgbọ̀nrín mọ̀ ọ́n, òun náà sì ti ra ọrun ìgbàlódé, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní compound bow. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń lo nǹkan yìí, ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un." Inú mi kò dùn sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Mo dá a lóhùn pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọrun yìí jẹ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Holless Wilbur Allen, ará ìpínlẹ̀ Missouri, ni ó ṣe é. Ó béèrè fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1966, wọ́n sì fún un ní 1969. Ní ọdún 1966 kan náà ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, ewì àwọn ọdẹ wa, jáde. Nínú ọrun ti àtijọ́, bí o bá ṣe ń fa ọsán sẹ́yìn tó ni ó ń wúwo tó, ibi tí ó ti wúwo jù lọ ni o sì gbọ́dọ̀ ti dúró fojú sun ẹran. Allen fi kẹ̀kẹ́ kékeré sí orí ọrun àti ìdí rẹ̀. Bí ọsán bá dé ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí yóò ti yí, wọn yóò sì gba púpọ̀ nínú ẹrù náà lọ́wọ́ ọdẹ. Bí ọrun bá wúwo tó pọ́n-ùn 60, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, pọ́n-ùn 12 péré ni ọwọ́ rẹ yóò máa gbé nígbà tí o bá ń dúró.

Mo jókòó, mo kọ àkójọ ọ̀rọ̀ bí àwa onímọ̀ èdè ṣe máa ń ṣe. Mo pe compound bow ní "ọrun àkópọ̀". Mo kọ "bí a ṣe ń yin ọfà". Ó wù mí lójú. Mo wá mú un lọ bá bàbá ọdẹ kan ní agbolé kan tí kò jìnnà sí Ṣàpọ́n, kí wọ́n bá mi wò ó.

Mo kà á fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọ̀mọ̀wé, ìbọn là ń yìn. Ọfà là ń ta." Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn gan-an ni oyin àti àkeekèé ń lò: wọ́n máa ń ta ènìyàn, oró ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ọfà olóró náà ń ta ẹran. Oyè ọ̀mọ̀wé mi kò rántí ohun tí etí ọdẹ kò lè gbàgbé.

Wọ́n tún bi mí pé, "Kí ni wọ́n ṣe ń kó o pọ̀?" Mo ṣàlàyé kẹ̀kẹ́ orí àti ti ìdí. Wọ́n ní, "Ọrun oníkẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ṣé o ti fà á rí?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "O kò tíì fà á, o ti ń sọ ọ́ lórúkọ."

Bí mo ṣe fẹ́ dìde ni mo rí ọ̀pá gígùn kan lára ògiri, tí wọ́n so ìkọ́ irin mọ́ orí rẹ̀. Mo bèèrè ohun tó jẹ́. Wọ́n ní òun ni àwọn ọmọ fi ń já máńgòrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi kún un, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, pé ọrun bàbá àwọn ni. Awọ ni ọsán rẹ̀, ó ti já tipẹ́, kò sì sí ẹni tó so òmíràn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọsán já, ọrun dọ̀pá. Mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ojú rí i.

Èrò mi nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi: èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀. Ọsán ló já. Ọsán tí ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu ni iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe. Bí ọwọ́ bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè bí ọ̀pá tó fara ti ògiri.

Ẹnìkan lè sọ pé nǹkan titun ló pa ọ̀rọ̀ àtijọ́. Lóòótọ́, ìbọn gba ipò ọrun. Ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú ní wà lára ohun tó yí Ogun Òwu padà ní àwọn ọdún 1820, ìfọ́nká tó tẹ̀ lé e ni ó sì gbé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní 1830. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbọn náà. Àjèjì ni, síbẹ̀ a sọ ọ́ ní ṣakabùlà, a wá ọ̀rọ̀ ìṣe fún un, ó sì wọ inú ìtàn wa. Nígbà tí Fágúnwà tẹ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, ọdẹ ni akọni rẹ̀. Àwọn tó fi nǹkan ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan.

Nítorí náà mo fa àkójọ mi ya, mo sì ní kí àbúrò mi máa ṣe é níwájú mi lórí fóònù, kí n máa sọ ohun tí mo ń rí. Ohun tí a rí kó jọ nìyí.

Kọ́kọ́ mọ ojú tó lágbára jù. Na ọwọ́ méjèèjì síwájú, fi wọ́n ṣe ihò kékeré, wo ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán láti inú ihò náà, kí o sì di ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú tó bá ṣì ń rí nǹkan náà ni kí o fi máa sun ẹran. Lẹ́yìn èyí, wọn ìbú apá rẹ láti ìka dé ìka, kí o pín in sí 2.5. Bí apá bá jẹ́ íǹṣì 70, fífà ọrun rẹ yóò súnmọ́ íǹṣì 28. Bí ó bá gùn jù, apá yóò nà gbọnrangandan, ọsán yóò sì máa na ọwọ́ rẹ.

Má fi ìwúwo ọrun ṣe fáàrí. Jókòó sórí àga, kí o fà á. Bí o bá ní láti gbé ọrun sókè kọjú sí ojú sánmà kí o tó lè fà á, ó wúwo jù fún ọ, dín in kù. Yẹ igi ọfà kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti sán. Má sì ṣe fa ọsán kí o wá jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ láé, nítorí agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ yóò padà sínú ọrun, ó sì lè fọ́ ọ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ti ìdánrawò, ibi tó súnmọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Dúró ní ìwọ̀n yáàdì márùn-ún sí ohun ńlá tí ọfà kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí o rí i dájú pé kò sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Fi ọwọ́ kan ibì kan náà lójú rẹ nígbàkígbà tí o bá fà á. Díẹ̀ lójoojúmọ́ dára ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ibi tí ọfà rẹ kò bá ti lè wọ ojú kan náà léraléra, má ta ẹran níbẹ̀. Ẹran tí a ṣá lọ́gbẹ́ tó sì sá lọ kú sínú igbó, ìyà ni a fi jẹ ẹ́, a kò sì rí i jẹ.

Ẹ kíyè sí i pé n kò pe ẹnikẹ́ni níbí pé kó lọ pa ìwọ̀nba ẹran tó kù fún wa. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀ pẹ́. Àpò tí a kó àkísà sí nínú tó láti fi kọ́ ọmọ ní ọrun, ọsán, apó àti ọfà. Ilé-ìwé tó bá ní pápá tó fẹ̀ àti olùkọ́ tó ń fara balẹ̀ lè ṣe é.

Bí ẹ bá rò pé àlá ni mo ń lá, ẹ wo Bràsíl. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, dání. Títí di òní, irin kékeré tí a ṣe bí ọrun àti ọfà, tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì máa ń mú lọ́wọ́ bí ó bá ń jó, *ofá* ni wọ́n ń pè é. Èdè Potogí ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Ọ̀rọ̀ náà kò kú, nítorí pé ọwọ́ kan ń mú un ní ọdọọdún.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, àbúrò mi tún pè. Ó ti ra ọrun ọmọdé fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti gbé àpò àkísà sí ẹ̀yìn ilé. Mo ń gbọ́ wọn. Ọfà àkọ́kọ́ fò kọjá, èkejì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta ró pọ̀ sára àpò, ọmọ náà kígbe pé, "Dádì, mo ta á!"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kò sọ pé òun yìn ín. Ó lo ọ̀rọ̀ tí èmi ọ̀mọ̀wé ṣì lò ní Ṣàpọ́n. Mo ti ra okùn tó le dáadáa, mo ń padà lọ sí agbolé bàbá ọdẹ lọ́sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń so ó mọ́ ọ̀pá máńgòrò yẹn.