Ohun tí Adìẹ Jẹ Kò Dúró Sínú Adìẹ

Àwọn àgbà Yorùbá a máa kìlọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ìkìlọ̀ yìí bá àwọn olùsìn ẹran wí, àwọn tí ń po oògùn apakòkòrò, irú èyí tí dókítà ń fún ènìyàn, mọ́ oúnjẹ ẹran tí kò ṣàìsàn, kí ó lè tètè sanra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ olóko nìkan ni èyí. Ìwádìí sọ ohun mìíràn.

Àìmọye bakitéríà ni ó ń gbé inú ìfun ẹran àti ti ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ibi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, bí Salmonella àti Campylobacter, tí wọ́n lè wà nínú adìẹ láìṣe é ní nǹkankan, tí ó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá gba inú ẹran tí kò jinná tàbí ọwọ́ tí a kò fọ̀ dé inú ènìyàn, ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun àti ibà ni wọ́n ń fà. Bí oògùn bá ń wọ inú ìfun díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bakitéríà tí oògùn kápá yóò kú, èyí tí oògùn kò kápá yóò sì gbilẹ̀ sí àyè rẹ̀. Bakitéríà kan tilẹ̀ lè fún òmíràn ní agbára tí ó fi ń borí oògùn, bí wọn kò bá tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà.

Ní ọdún 1976, Stuart Levy, oníṣègùn àti olùkọ́ ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí oko kan jáde. Wọ́n po tetracycline mọ́ oúnjẹ adìẹ. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo E. coli inú ìfun àwọn adìẹ náà ni oògùn yìí kò kápá mọ́. Nígbà tí ó fi máa di oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, nínú 100 ìgbẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé olóko, nǹkan bí 31 ni èyí tí ó ju 80 nínú 100 bakitéríà inú rẹ̀ lọ ti borí oògùn. Ti àwọn aládùúgbò wọn jẹ́ nǹkan bí 7. Adìẹ ni a fún lóògùn. Inú ènìyàn ni àyípadà náà dé.

Ní ọdún 1977, àjọ FDA, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, dábàá pé kí wọ́n gba àṣẹ pípo penicillin àti tetracycline mọ́ oúnjẹ ẹran padà. Àwọn olókoòwò takò ó, àwọn aṣòfin sì ní kí wọ́n tún lọ wádìí sí i. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni orílẹ̀-èdè náà tó fòpin sí fífi oògùn tí ó ṣe pàtàkì fún ìwòsàn ènìyàn mú ẹran sanra. Ogójì ọdún gbáko! Sweden ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 1986, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2006.

Àwọn alátakò ní iṣẹ́ ẹran sísìn yóò bàjẹ́. Ní Denmark, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò fún ẹran dín ju ìdajì lọ láàrin ọdún 1994 sí 2001. Òótọ́ ni pé ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ sí i láàrin àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, wọ́n sì ní láti tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parẹ́.

Ẹni tí ó bá rò pé oògùn tuntun yóò máa wà títí, kí ó wo Ṣáínà. Colistin jẹ́ oògùn tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ de ìgbà tí àwọn yòókù bá kùnà. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kéde pé wọ́n rí i lára ẹran ọ̀sìn, lára ẹran tí a ń tà àti lára aláìsàn, àbùdá kan tí bakitéríà fi ń borí rẹ̀, tí ó sì lè ti ara bakitéríà kan bọ́ sí ara òmíràn. Ní ọdún 2017 ni Ṣáínà tó fòfin de pípo ó mọ́ oúnjẹ ẹran láti mú un dàgbà.

Ní Nàìjíríà, olùsìn adìẹ lè ra irú àwọn oògùn wọ̀nyí láìsí ìwé dókítà ẹran. Àìṣèdájọ́ òdodo ni: olóko ni ó ń jẹ èrè ẹran tí ó tètè sanra, aláìsàn tí kò ní adìẹ kan ṣoṣo ni yóò san gbèsè rẹ̀ lórí ibùsùn. Àmánà ni oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́, ti gbogbo ènìyàn ni, kò sì tọ́ kí ẹnì kan ná an tán nítorí owó ọjà. Kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí a máa tà á láìsí ìwé. Kí olóko fi ilé adìẹ tí ó mọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi tí ó dára rọ́pò rẹ̀. Kí a sì fi oògùn wo ẹran tí ó bá ń ṣàìsàn nìkan.

Kò tíì pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n kó oúnjẹ olóògùn náà kúrò ní oko tí Levy ṣèwádìí rẹ̀, kí oṣù mẹ́fà tó pé, mẹ́jọ nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò ní oko náà ni wọn kò rí bakitéríà tí ó ń borí tetracycline nínú ìgbẹ́ wọn mọ́.