Ara Yíyún àti Omi Ẹ̀rọ: Ẹ̀bi Kiloríìnì Kò Tó Bí Wọ́n Ṣe Ń Pariwo Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í bá omi ṣọ̀tá, nítorí omi la bù wẹ̀, omi la bù mu. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá lónìí, láti Peckham ní ìlú London títí dé Sùúrùlérè ní ìlú Èkó, wọ́n ti ń bá omi ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án kì í yàtọ̀: bí ènìyàn bá wẹ̀ tán, ara rẹ̀ á gbẹ, á fún bí ẹni pé awọ fẹ́ ya, á funfun bí ẹni tí wọ́n ku eérú sí lára, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dárúkọ ọ̀daràn. Kiloríìnì ni, òògùn apakòkòrò tí iléeṣẹ́ omi ń pò mọ́ omi kí ó tó wọ inú páìpù.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé lórí fóònù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ lókè òkun. Ọmọ á pe ìyá rẹ̀ nílé: "Màmá, ẹ kú ilé o. Ara ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, á máa họra títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ìyá á dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé kẹ́míkà ló kún inú omi wọn. Nígbà tí mo wá bá ọ tọ́jú ọmọ, ṣé èmi náà kọ́ ni mò ń họra bí ẹni tó fara kan wèrèpè?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n á ti ná owó tí kò kéré lórí asẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ìwẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ ṣì ń họra.

Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé. Awọ ènìyàn ní ọ̀rá tín-ín-rín kan tó fi ń dá omi inú ara dúró kí ó má baà gbẹ, kiloríìnì a sì máa bá ọ̀rá yìí jà. Ẹni tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì mọ bí ara ṣe máa ń gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn ní ọdún 2003 pé kiloríìnì inú omi lè dín agbára tí awọ fi ń di omi mú kù, àti pé àwọn tó ní àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní eczema ni ó tètè ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ìwọ̀n ni ó mú ọ̀rọ̀ yí padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ omi kì í sábà jẹ́ kí kiloríìnì ju 0.5 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé fi 5 mílígíráàmù ṣe òpin fún omi mímu. Ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sábà máa ń wà láàárín 1 sí 3. Èyí tó lè ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn dókítà awọ kan ń fi kiloríìnì tọ́jú ara tó ń yún. Ní ọdún 2009, àwọn dókítà ní Chicago gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé tí kòkòrò ti wọ inú eczema wọn. Wọ́n ní kí wọ́n máa rì wọ́n sínú omi tí wọ́n po ìwọ̀nba bílíìsì mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ara àwọn ọmọ náà sì dẹ̀ ju ti àwọn tó wẹ omi lásán lọ. Kiloríìnì inú irú omi bẹ́ẹ̀ tó 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, èyí tó jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní London. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e ṣì ń jiyàn bóyá bílíìsì ló ṣe é tàbí rírì sínú omi fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dán an wò nílé láìsí dókítà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wẹ ọmọ tó ní egbò lára, tí ara ọmọ náà kò sì bó, ó ṣòro láti gbà pé ẹ̀kán rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú lóru.

Kí ló wá dé tó jẹ́ kiloríìnì ni gbogbo ènìyàn ń nàka sí? Nítorí pé ó ń rùn ni. Imú ń gbọ́ ọ kí ara tó fọwọ́ kàn án. Alábàáṣe rẹ̀ tó burú jù ú lọ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fura sí i àyàfi bó bá wo inú kẹ́tùlù. Ilẹ̀ London àti agbègbè rẹ̀ jókòó lórí òkúta ẹfun, púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló sì ti gba inú ẹfun yẹn kọjá kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ó ti kó kalisíọ́ọ̀mù sára. Omi líle ni wọ́n ń pè é: ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, ó máa ń fi èérún funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ó sì ń mú kí ọṣẹ lẹ̀ mọ́ ara dípò kí ó ṣàn lọ. Ọṣẹ tó kù sára yìí ló ń jẹ awọ díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tí iléèwé King's College London kó jọ tẹ àbájáde ìwádìí lórí àwọn ọmọ olóṣù mẹ́ta 1,303 jáde. Àwọn ọmọ tó ń gbé níbi tí omi ti le ni eczema ń ṣe jù, ewu náà sì fi tó ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i nínú àwọn ìdílé kan. Yálà kiloríìnì pọ̀ nínú omi líle náà tàbí ó kéré, ewu yẹn kò lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí sáré lọ ra ẹ̀rọ tó ń sọ omi líle di ẹ̀rọ̀. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2011 pín ọmọ 336 tó ti ní eczema sí ọ̀nà méjì, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé apá kan fún ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó wá yẹ ara wọn wò kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín apá méjèèjì, owó ẹ̀rọ di owó tó bómi lọ.

Ẹlẹ́rìí tó lágbára jù tí yóò jẹ́rìí gbe kiloríìnì wà nílé, ní Èkó gan-an. Iléeṣẹ́ omi Ìjú ti wà láti ọdún 1910, ṣùgbọ́n àìmọye ilé ni páìpù ìjọba kò dé, tàbí tó dé tí omi kò sì gba inú rẹ̀ wá mọ́. Bọhóòlù ni wọ́n ń lò, tàbí kànga, tàbí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà. Púpọ̀ nínú omi wọ̀nyí kò rí kiloríìnì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ wọn. Ṣé ara àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́ kì í yún? Ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn ní ìgbà ọyẹ́ yóò rí ìdáhùn. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gbé omi kaná kí wọ́n tó fi wẹ ọmọ. Omi tó bá hó dáadáa lórí iná, èyí tó pọ̀ jù nínú kiloríìnì rẹ̀ ti bá ooru fò lọ. Omi náà ti gba ìdáǹdè kúrò lọ́wọ́ ọ̀daràn kí ó tó kan ara ọmọ, ọmọ ṣì ń họra.

Ibi tí ó yẹ kí ojú ti kọ́kọ́ yẹ ọ̀ràn wò nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Yorùbá fẹ́ràn omi gbígbóná, pàápàá fún ọmọ tuntun àti abiyamọ. Wọ́n fẹ́ràn kànrìnkàn tó le, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń họ ìdọ̀tí kúrò. Wọ́n fẹ́ràn ọṣẹ tó ń mú ara dún kín-ín-kín-ín bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìró yẹn gan-an ni àmì pé kò sí ọ̀rá kankan mọ́ lára awọ. Omi gbígbóná ń yọ ọ̀rá náà bó ṣe ń yọ ọ̀rá ìdí ìkòkò, kànrìnkàn ń gé e, ọṣẹ ń gbé e lọ. Ọṣẹ dúdú tí gbogbo ayé ń yìn báyìí kò yọ sílẹ̀. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, agbára eérú yẹn sì le ju ohun tí awọ gbígbẹ lè gbà lójoojúmọ́, bó ti wù kí ó dára tó fún ẹni tí ara rẹ̀ ní ọ̀rá púpọ̀. Màmá Sùúrùlérè tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ ní London gbé omi gbígbóná, kànrìnkàn àti ọṣẹ rẹ̀ lọ bá omi líle àti otútù tó ń fa omi jáde lára. Ohun kan ṣoṣo tó tọ̀nà nínú ẹrù rẹ̀ ni igbá òrí, òun náà sì ni àwọn ọmọ máa ń kọ̀ pé ó ń rùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kì í rọrùn láti sọ láàárín ọ̀rẹ́. Àwọn kan wà tó ń fi ìpara abóra para láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọ́n sì ń sọ pé omi ẹ̀rọ ló ń mú ara wọn ta. Púpọ̀ nínú ìpara wọ̀nyẹn ní òògùn steroid nínú, èyí tó ń mú awọ fẹ́lẹ́. Bí ẹni náà bá dá a dúró lójijì, ara lè pọ́n kí ó sì máa jó o bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lára. Irú awọ bẹ́ẹ̀, omi òjò pàápàá yóò ta á.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dúró sórí owó asẹ́ nìkan, kì bá tí tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ewu rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù kiloríìnì ń lé àwọn kan padà sídìí omi tí kò ní ààbò. "Omi kànga wa mọ́, kò ní kẹ́míkà" ti di ọ̀rọ̀ ìyànga. Ní ọdún 1905, nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń pa àwọn ará ìlú Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kiloríìnì ni Alexander Houston pò mọ́ omi ìlú náà láìdáwọ́ dúró, ibẹ̀ sì ni àṣà náà ti gbilẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Ẹni tí ara ń yún lè rí ìpara rà. Ẹni tí onígbáméjì bá gbẹ omi ara rẹ̀ lè má rí ọjọ́ kejì.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ náà ni àṣìṣe kejì máa ń wáyé. Onílé á gbé gálọ́ọ̀nù bílíìsì, á dà á sínú kànga láìwọ̀n, nítorí pé wọ́n ní onígbáméjì wà nígboro. Àwọn ayálégbé á wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú á máa ta wọ́n, ara á máa jó wọn. Lọ́jọ́ yẹn, kiloríìnì jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dà á ló yẹ kí wọ́n bi léèrè. Òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kí ó sọ iye tí kànga yẹn gbà.

Ẹni tó bá ṣì ń fura sí omi ẹ̀rọ ilé rẹ̀ kò nílò asẹ́ olówó gọbọi láti mọ òtítọ́. Kí ó pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí lẹ́nu lálẹ́, kí ó ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó, kí ó fi wẹ̀ láàárọ̀, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kiloríìnì á ti fò lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. (Níbi tí wọ́n bá ti po amóníà mọ́ ọn, bí àwọn iléeṣẹ́ omi kan ti ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, kò ní tètè lọ bẹ́ẹ̀.) Bí ara bá dẹ̀, ẹ̀sùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá dẹ̀, kí ó yí omi sí lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó gbé kànrìnkàn tì, kí ó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú omi, kí ó sì fi òrí tàbí fasilíìnì para nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ òru ni ó ń yún jù, tí àwọn ará ilé sì ń họra pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kúrúnà, kò sì sí omi tó lè wo ìyẹn. Ara tó ń yún káàkiri láìsí ìfo kankan, tí kò sì dáwọ́ dúró, lè jẹ́ pé kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń ké. Dókítà ló yẹ kí ó gbọ́ ìyẹn, kì í ṣe oníṣòwò asẹ́.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Ará London lè tẹ àmì ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára iléeṣẹ́ omi, kí ó sì rí bí omi rẹ̀ ti le tó àti iye kiloríìnì tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ará Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tó ń san owó omi lè rí irú iye bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìwé owó omi rẹ̀ lóṣooṣù.